Omi Tí Wọ́n Sé Mọ́ Balùwẹ̀ Wa ní Lazaret

Òórùn ọ̀dà gbígbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Kì í ṣe òórùn ọ̀dà ojú títì tí oòrùn ti pa, ọ̀dà dúdú líle ni mò ń wí, èyí tí wọ́n fọ́ sínú agolo ńlá, tí wọ́n gbé ka iná igi láàárín àgbàlá, tó ń hó púkẹ́púkẹ́, tí èéfín rẹ̀ ń wọ inú irun, inú aṣọ àti inú ọbẹ̀. Gbogbo aṣọ tí mo sá sórí okùn lọ́sẹ̀ náà ni mo tún fọ̀. Lazaret ni a ń gbé nígbà yẹn, ní apá òkè Niamey nílẹ̀ Niger, láyé ìgbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣẹ̀ṣẹ̀ di púpọ̀, tí ọkọ̀ tó gbé gbohùngbohùn ń gba iwájú ilé wa kọjá tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú àsíá àti igi lọ́wọ́. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ̀dà kọjá, ọrùn mi ló kọ́kọ́ ń ta mí kí ọkàn mi tó rántí ìdí rẹ̀.

Kí balùwẹ̀ tó dé, ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń wẹ̀, nínú ọgbà alámọ̀ kékeré kan tí kò lórùlé, tí ìdajì ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀. Ìwọ náà ti gbé Niamey rí, o mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú èèyàn rí níbẹ̀. Omi gbígbóná tí o bù sínú garawa á ti tutù kí o tó fi kan ẹ̀yìn ọmọ. Mo bá ọkọ mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí débi pé àwọn ará ojúlé kẹta mọ̀ ọ́n. Oníaṣọ ni ọkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, n kò sì tíì rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi "ó dọ̀la" dá èèyàn lóhùn tó o. Ọjọ́ tó gbà níkẹyìn pé òun á kọ́ balùwẹ̀ gidi, tó ní òrùlé àti táìsì, mo jó yí àgbàlá ká. Inú mi máa ń dùn sí nǹkan kékeré, bẹ́ẹ̀ náà ni inú máa ń bí mi sí nǹkan kékeré. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀.

Igun ilẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù fún wa, ó sì fara ti ilé alápatà tó múlé gbè wá. Búlọ́ọ̀kù ni tiwa, ògiri alámọ̀ ni tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí èyí tó pọ̀ jù ládùúgbò, àwọn méjèèjì sì sún mọ́ra débi pé ọwọ́ ọmọdé kò lè kọjá láàárín wọn. Ọmọ Zarma, ẹ̀yà onílẹ̀ ibẹ̀, ni alápatà yìí, ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀, tí ohùn rẹ̀ máa ń délé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ìyàwó rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń nájà lédè Haúsá, òun ló sì máa ń bá mi gbé ọmọ pọ̀n nígbà tí ẹ̀yìn bá ń dùn mí. "Káwàtá" ló ń pè mí, ìyẹn ni "ọ̀rẹ́ mi" lédè Haúsá, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Lákòókò tí mò ń sọ yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọkùnrin kan ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti wá láti abúlé láti tọ́jú rẹ̀, alápatà sì ti kó ẹní tirẹ̀ lọ sí yàrá iwájú. Nínú ilé wọn, ọkùnrin kì í wọ yàrá ìyá ọmọ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé, àfi bó bá fẹ́ gbé oúnjẹ fún un.

Ẹni tó bá wa ṣe balùwẹ̀ náà jẹ́ Yorùbá bíi tiwa, onígbàgbọ́ láti ìhà Ọ̀yọ́, tí gbogbo àwọn ará ilé tó wà ní Niamey ń pè ní Ọ̀gá onítáìsì. Ó ga, ó gbẹ, ó sì gbéra ga. Èmi rò pé ọjọ́ tó bá dé ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táìsì. Táìsì funfun tó ní òdòdó búlúù létí ti wà nílẹ̀ nínú páálí, mo ń ṣí i wò láràárọ̀ bí ẹni ń wo ojú ọmọ tuntun. Ọkùnrin yìí kò wo ọ̀nà ibẹ̀. Òòlù àti irin ṣóńṣó ló mú, ó dojú kọ ògiri tí bíríkìlà ti rẹ́ dán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú. Ó lù ú tàárọ̀ tọ̀sán. Èépá sìmẹ́ǹtì ń fò lu páànù lókè, eruku bò ó títí kan ìpéǹpéjú, ìró náà sì ń wọ eyín mi níbi tí mo ti ń ro ọkà.

"Ọ̀gá, kí ni ògiri náà fi ṣe yín?" ni mo bi í.

"Ìyàwó wa, ó ti dán jù ni. Bí mi ò bá ṣá a lọ́gbẹ́, kò ní di nǹkan kan mú."

Nígbà tó ṣá a tán, tí gbogbo ara ògiri rí bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná jà, ó gbá eruku rẹ̀, ó fi omi fọ̀ ọ́, ó sì ń ju sìmẹ́ǹtì ṣíṣàn lù ú gbàràgbàrà kó lè di kókókókó. Ó rọ ilẹ̀ ní dagẹ̀rẹ̀ sápá ibi tí ihò omi wà, ó ń da ife omi kan síbí, ó ń da òmíràn sọ́hùn-ún, ó ń wo ibi tó ń ṣàn gbà. Ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri ló pẹ́ sí jù. Kò fẹ́ kí igun náà gún, ó fi sìmẹ́ǹtì rọ ọ́ róbótó bí inú abọ́, nítorí ó ní igun tó bá gún ni ọ̀dà ti máa ń là. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà tó dé. Ó ń bù ú ní gbígbóná, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onígi gígùn kun gbogbo ilẹ̀, ó kun ògiri dé ibi tí omi ẹni tó ń wẹ̀ lè ta dé, ó ya àpò ìdọ̀họ tẹ́ gbogbo igun, ó sì tún kun orí rẹ̀. Èyí tó kun kẹ́yìn ṣì ń lẹ̀ nígbà tó fọ́n yanrìn sí i, kí sìmẹ́ǹtì táìsì lè ríbi dì mọ́. Nígbà tó ṣe tán, balùwẹ̀ mi dúdú bí inú ìkòkò.

Mo tún rò pé ó kan táìsì. Rárá o. Ó ká aṣọ sínú ọ̀rá, ó fi dí ojú ihò omi pa, ó sì ní kí a ra omi wá. Ra omi ní Lazaret, láti dà á sílẹ̀! A pe gàrúwà, ọkùnrin tó ń ti omi kiri nínú kẹ̀kẹ́, ó gbé jálá wọlé títí ó fi ń wò wá bí ẹni pé orí wa ti yí. Omi náà kún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọ̀gá mú èédú, ó fa ìlà sára ògiri níbi tí omi dé gan-an, ó sì dojú kọ èmi àti ọkọ mi.

"Ó di ọ̀sán ọ̀la kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan aṣọ tí mo fi dí i. Bó bá sọ̀ kúrò lójú ìlà, a jẹ́ pé mo ṣiṣẹ́ ọ̀lẹ, màá tún un ṣe. Bí kò bá sọ̀, ẹ̀rí mi nìyẹn. Mi ò lẹ táìsì fún ẹnikẹ́ni láìṣe èyí."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ yọjú. Omi wà lójú ìlà, ó dákẹ́ rọ́rọ́, àwọ̀ ojú ọ̀run hàn nínú rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ọ̀gá ti dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi igi rin eyín, inú rẹ̀ dùn. Mo padà sídìí odó ata mi. Àkókò náà ni alápatà gbé omi ẹran wọlé fún ìyàwó rẹ̀ ní ilé kejì. Ẹní tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri yàrá náà ti yẹ̀ lápá kan, ó fẹ́ tún un kọ́, ọwọ́ rẹ̀ bá ògiri, ògiri sì tẹ̀ wọlé bí èkọ. A gbọ́ igbe rẹ̀ kí a tó rí i.

Ó wọ ilé wa láìkígbe àgò, amọ̀ tútù kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó nà án síwájú ọkọ mi.

"Kí ni èyí? Ẹ̀yin Yàrábáwá, kí ni èyí? Ọmọ mi ń sùn lábẹ́ ògiri yìí!"

Ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ ní Zarma àti Haúsá. Ó mú un lọ sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Nígbà tí alápatà rí omi tó kún ilẹ̀ yàrá látìgun dé igun, ó lọgun. Tó o bá rò ó dáadáa, ta ni kò ní lọgun? Ẹnì kan da omi sílẹ̀ lẹ́yìn ògiri alámọ̀ rẹ, ó sì fi aṣọ dí ihò kó má bàa lọ. Ọ̀gá dìde, ó na ìka sí ìlà èédú.

"Wò ó! Kò sọ̀. Omi tí kò sọ̀, báwo ló ṣe dé ilé rẹ?"

"Ògiri mi kò mọ ìlà èédú. Tú u."

"Títí ọ̀sán."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u," ni ọkọ mi wí. "Aládùúgbò wa ni. Ẹ ṣáà tú u, a ó tún òmíràn dà."

Ọ̀gá kọjú sí i, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Alájì, bí mo bá tú u báyìí, ohun tí wọ́n á máa sọ ní gbogbo Niamey ni pé omi mi ló wó ilé alápatà. Kí ni mo fẹ́ fi gba ara mi sílẹ̀? Omi yìí nìkan ló lè jẹ́rìí mi." Ó sì na apá rẹ̀ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

Alápatà yí padà, ó sì jáde. Ọkọ mi mí kanlẹ̀, ó ní ara rẹ̀ á balẹ̀. Ara ta ni yóò balẹ̀? Kò pẹ́ tó tún fi wọlé, dígà ló gbé lọ́wọ́.

Ó fi èjìká ti ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ti aṣọ tí wọ́n sá. Ó fa Ọ̀gá lọ́rùn ẹ̀wù kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ mọ́ agolo ọ̀dà. Dígà lọ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọ igun tó kan ilé tirẹ̀ gan-an, igun tí ọkùnrin yẹn ti fi ọwọ́ rọ róbótó. Omi tú lù wá lójú. Ọ̀gá ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ, ó fò mọ́ ọn. Dígà tún lọ sókè, bó sì ṣe ń bọ̀, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá ló bá pàdé. Igi rẹ̀ ni, kì í ṣe irin, síbẹ̀ mo gbọ́ ìró egungun náà láti ibi tí mo wà. Ìró kékeré ni, bí ìgbà tí èèyàn dá igi ìdáná gbígbẹ. Àwọn méjèèjì ṣubú sínú omi, wọ́n ń yí nínú rẹ̀, alápatà fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, Ọ̀gá fi eyín gé e létí, omi dúdú di pupa. Ọkọ mi di alápatà mú lẹ́yìn, ó gba ìgúnpá lẹ́nu, eyín iwájú rẹ̀ kan sì bọ́ síbẹ̀.

Ibi tí mo ti rí eyín ọkọ mi nínú omi ni ojú mi ti ṣú. Mi ò mọ ìgbà tí mo fa ọmọ odó yọ. Mo là á mọ́ èjìká alápatà. Ó yíjú wò mí, mo tún là á mọ́ ọn. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ó dùn mí, ó dùn mọ́ mi ni. Ó ṣubú síwájú, ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Omi ti ń lọ. Ó ń yí lójú ihò tí dígà dá sí igun, ó ń wọlẹ̀ lọ gbùrùgbùrù, lẹ́yìn ògiri sì ni mo ti gbọ́ nǹkan kan tó ń já wálẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìgbà tí ọkà bàbà ń dà láti inú àpò tó ya.

Ọ̀rẹ́ mi àti ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Mo sáré gba ojúde, mo já wọ ilé alápatà, mo sì ta ilẹ̀kùn yàrá náà ṣí. Ooru omi gbígbóná ló kọ́kọ́ bò mí lójú, pẹ̀lú òórùn ewé dóńgóyárò. Wọ́n ń wẹ̀, ìyá àgbà kò torí ariwo wa dá ìwẹ̀ àárọ̀ dúró. O mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ìyá ọmọ ní ilẹ̀ Haúsá àti lọ́dọ̀ àwọn Zarma tó bá gba àṣà náà: wọ́n á se omi títí yóò fi hó, wọ́n á ki ẹ̀ka dóńgóyárò bọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa fi lù ú lára, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́, kí òtútù má bàa ráyè wọ inú rẹ̀. Ìta ni ibi tó yẹ kí wọ́n ti ṣe é. Ṣùgbọ́n nítorí ọyẹ́, ìyá àgbà kò jẹ́ kí aya ọmọ rẹ̀ jáde, inú yàrá, ní igun ògiri yẹn, ló ti ń wẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tó ti bímọ. Ọ̀sán ni èmi máa ń bẹ̀ wọ́n wò, nígbà tí ẹní bá ti bo igun náà. Nísinsìnyí, ẹní ti ká kúrò. Amọ̀ ògiri ti wú, ó ti ṣí bí awọ, ó tutù dé ìbàdí èèyàn, gbogbo rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ewé: ewé tuntun lórí ewé tó ti rà. Kò sí ẹni tó ní láti ṣàlàyé fún mi. Omi Ọ̀gá kò jò rárá.

Kò sáyè àlàyé náà. Ohun tí ìyá àgbà rí ni obìnrin Yorùbá kan tó já wọlé pẹ̀lú ọmọ odó àti ẹ̀jẹ̀ lára ìró. Ó ṣe ohun tí èmi náà ì bá ṣe. Ó bu omi híhó, ó dà á lù mí. Mo fi ojú sá, ọrùn mi ni kò rí sá. Mo ké, mo ju ọmọ odó nù, mo sì gbé ọmọ lórí bẹ́ẹ̀dì, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá gbé ọmọ, ìyá rẹ̀ á tẹ̀ lé mi bó tilẹ̀ wà níhòòhò. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ọ̀rẹ́ mi fa aṣọ mọ́ àyà, ó sáré tẹ̀ lé mi, ìyá àgbà di ìró mi mú lẹ́yìn, ó ń fi ẹ̀ka dóńgóyárò gbígbóná nà mí, ó ń kígbe pé mo ti jí ọmọ gbé. Ọwọ́ mi kan ló kù, òun ni mo fi fa ìyá àgbà náà jáde. A ò tíì dé ìdí igi àárín àgbàlá tí ògiri fi wó. Ó wó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé apá kan òrùlé tẹ̀ lé ara rẹ̀, eruku sì bo gbogbo wa. Ọmọ nìkan ló ń ké.

Ìyá àgbà wo ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, ó sì rọra jókòó sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ó rí i pé mo ti rí igun náà. Ó fi ẹnu kàn mí létí.

"Dón Állà, nítorí Ọlọ́run, Káwàtá, má sọ. Ìyá rẹ̀ ni."

Mo fi orí dáhùn pé ó dára. Mo rò pé mo lóye rẹ̀. Mo rò pé ìtìjú ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń bò.

Ọkọ̀ àwọn olóṣèlú wà nítòsí lákòókò yẹn, igbe wa ló sì fa àwọn tó ń tẹ̀ lé e wá. Wọ́n ya wọ ilé wa pẹ̀lú igi tí wọ́n fi ń gbé àsíá. Kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà lẹ́nu wọn: àwọn àjèjì fẹ́ fi omi pa ọmọ onílẹ̀. Wọ́n wọ́ Ọ̀gá onítáìsì jáde ní ọrùn ẹ̀wù, pẹ̀lú ọwọ́ tó ń mì jólójóló, wọ́n ń ta á nípàá bó ṣe ń lọ. Nígbà tí a fi dé iwájú ilé olórí àdúgbò, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní séèfù, a kò lè dá ojú rẹ̀ mọ̀ mọ́. Bàbá àgbà náà jáde, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ kí òun gbọ́rọ̀. Wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yí i ká, mo sì gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ń béèrè ẹni tó ní kẹrosíìnì.

Alápatà rojọ́ tirẹ̀, aṣọ ni ó fi di etí mú. Séèfù wá bi Ọ̀gá léèrè ohun tó ní láti sọ.

"Omi mi kò jò. Ìlà wà lára ògiri."

"Omi náà dà?"

"Ó ti fi dígà fọ́ ọ dànù."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan gbá a ní igi lẹ́yìn, ó ṣubú lé ọwọ́ tó dá, ó sì sunkún bí ọmọdé, ọkùnrin tó gbéra ga bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ó jókòó láàárín àwọn obìnrin, nítòsí ibi tí ọkọ rẹ̀ dúró sí, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó wò mí, ó mi orí díẹ̀ báyìí, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo tún wo Ọ̀gá. Wọ́n ti tún gbé igi sókè.

Mo sọ ọ́. Mo bọ́ sí àárín, mo sì fi Haúsá ketekete sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́: "Ògiri náà ti rà kí omi wa tó dé. Omi ìwẹ̀ ìyá ọmọ ni. Inú yàrá ni wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ lọ wò ó, ewé dóńgóyárò ṣì lẹ̀ mọ́ èyí tí kò wó."

Séèfù rán àgbàlagbà méjì. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ọ̀kan nínú wọn mú èépá amọ̀ kan wá, ewé wà nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ewé sínú ìwé. Ìyá àgbà dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Gáskíyá né," ni ó wí. Òtítọ́ ni. "Omi mi ni. Òtútù ló mú kí n ṣe é."

Àwọn ọ̀dọ́ náà sọ igi wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀mí èèyàn kan yọ nínú ewu níbẹ̀, mo fi ojú ara mi rí i. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé ọrùn mi. Nígbà náà ni mo rí alápatà. Ó wo ìyá rẹ̀, ó sì gbé ojú kúrò. Ó wo séèfù. Ó wo èmi, ọkọ mi sì bọ́ síwájú mi pẹ̀lú ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ibi gbogbo tó wò ni ọ̀nà ti dí. Ó wá yíjú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ mọ̀," ni ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "O mọ̀, o sì jẹ́ kí n lọ gbé dígà."

Ó sì fọ́ ọ létí. Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò ní ọwọ́ tó lè fi bo ojú. Ó tún fọ́ ọ ní ìkejì. Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ síwájú bo ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí àwọn èèyàn tó di alápatà mú, ó ti gbá a ní ìkẹta lẹ́yìn orí. Lójú gbogbo wa ni, níwájú séèfù, níwájú ìyá tí òun kò lè nà.

Ọ̀gá onítáìsì yè. Ọwọ́ rẹ̀ jinná ní wíwọ́, kò sì lè di òòlù mú mọ́, ṣùgbọ́n ó padà wá, ó jókòó sórí páálí, ó fi ẹnu darí ẹlòmíràn títí wọ́n fi tún igun náà ṣe, wọ́n tún da omi sí i, omi kò sì sọ̀. Táìsì mi dára. Alápatà fi búlọ́ọ̀kù tún ògiri rẹ̀ mọ, ó mọ ọ́ ga kọjá òrùlé wa. Ọ̀rẹ́ mi lọ sílé bàbá rẹ̀ kí ogójì ọjọ́ tó pé, nígbà tó padà dé, bí mo bá kí i, á dáhùn bí èèyàn ṣe ń dá àlejò lóhùn, á sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn tí a kó kúrò ní Lazaret, mi ò rí i mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí mo sọ ọ́ fún ló ní mo ṣe dáadáa, pé bí mi ò bá sọ̀rọ̀, wọn ì bá dáná sun ọkùnrin náà. Òótọ́ ni. Bí ọjọ́ yẹn bá tún dé, màá tún sọ ọ́, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n fi igi lù ú kí n tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti sọ fún mi létí, mo sì rò pé ìtìjú ẹlòmíràn ló ń bò. Ara rẹ̀ ló ń bò. Ó mọ ilé tí ó ń gbé ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ, ó mọ ẹni tí ìbínú ọkùnrin yẹn lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìsí ẹni tí yóò dá a dúró. Mo lè sọ ọ́, kí n sì kọ́kọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lè sọ ọ́, kí n sì lọ dúró tì í. Kò sí èyí tó wá sí mi lọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ní òtítọ́ kan láti sọ níwájú ẹni tí inú ń bí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.